Bí ẹ ṣe lè fi ọ̀bẹ kun àwòrán láìjẹ́ kí àwọ̀ yín di ẹrẹ̀

Ìbéèrè kan náà ni mò ń gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, mo ra ọ̀bẹ, mo ra ọ̀dà, mo ṣe é bí mo ṣe rí i tí ẹ̀ ń ṣe é, àmọ́ gbogbo rẹ̀ di ẹrẹ̀. Kí ni mi ò mọ̀?" Mo ti dá ọ̀pọ̀ lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí, láti orí ọ̀bẹ ìkunwòrán tí ẹ máa rà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ́ ọ̀dà dípò búrọ́ọ̀ṣì, títí dé bí ẹ ṣe máa gbé àwòrán lọ fún ẹni tó rà á.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lo búrọ́ọ̀ṣì lè máa pa á lọ, pa á bọ̀, títí tí yóò fi rí ohun tó ń wá. Ọ̀bẹ kò gba irú ìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ọwọ́ yín tó kan pákó. Ẹ fi ọ̀dà lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, ẹ nu ọ̀bẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí àwọ̀ wọn ń di ẹrẹ̀, ọ̀dà wọn kò ní àbùkù kankan. Wọ́n ń padà sórí ohun tí wọ́n ti ṣe ni.

Àpẹẹrẹ tí màá lò ni òrùlé Ìbàdàn bí èèyàn ṣe ń rí i láti orí Òkè Mápó. Ojú pẹrẹsẹ kan ni òrùlé páànù kọ̀ọ̀kan, ojú pẹrẹsẹ kan náà sì ni ọ̀bẹ. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, òrùlé kan ti dé. N kò tíì rí ohun tó rọrùn jù ú lọ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, n kò sì tíì rí èyí tó wù mí jù ú lọ láti kùn.

## Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Ọ̀bẹ ìkunwòrán méjì, àti ọ̀bẹ gbọọrọ kan fún pípo ọ̀dà
- Pákó plywood tàbí MDF (pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀ pọ̀), 20 sẹ̀ǹtímítà lọ́nà kan, 25 lọ́nà kejì
- Ọ̀dà márùn-ún: Titanium White (ẹ ra túùbù ńlá), Yellow Ochre, Burnt Sienna, Ultramarine Blue, Cadmium Red
- Táìlì funfun kan tó ń dán, tí ẹ ó máa po ọ̀dà lórí rẹ̀. Àjẹkù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ táìlì
- Ọ̀dà ìpìlẹ̀ funfun tí wọ́n kọ gesso sí lára
- Sáńdípépà tó kúná, nọ́ńbà 180 tàbí 220
- Àkísà òwú, púpọ̀púpọ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó dára gan-an
- Pẹ́ńsù, àti fọ́tò tí ẹ yà fúnra yín

Mo fi orúkọ ọ̀dà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára túùbù kí ẹ lè rí i rà. Burnt Sienna ni àwọ̀ ilẹ̀ pupa tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Yellow Ochre sún mọ́ gàrí elépo. Ultramarine Blue dà bí aṣọ tó ti wọ inú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí dúdú níbẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni.

## Ọ̀bẹ wo ló yẹ kí ẹ rà?

Orúkọ kan náà ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń pe irú méjèèjì, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń wáyé. Irú kan gùn gbọọrọ, èkù rẹ̀ àti irin rẹ̀ wà lórí ìlà kan. Òun la fi ń po ọ̀dà, òun náà la fi ń ha táìlì. Irú kejì ní ọrùn tó tẹ̀ bíi ti irin tí bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri. Ọrùn yẹn ló ń jẹ́ kí ìka yín jìnnà sí ọ̀dà tútù nígbà tí irin bá dùbúlẹ̀ lórí pákó. Òun ni ẹ máa fi kun àwòrán.

Kí ẹ tó sanwó:

1. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ náà ti àtẹ́lẹwọ́ yín. Ó yẹ kó tẹ̀, kó sì padà sí ipò rẹ̀ bí ẹ bá dẹwọ́. Èyí tó le gbagidi yóò máa gbẹ́ ọ̀dà kúrò dípò kó tẹ́ ẹ. Èyí tó tẹ̀ tí kò padà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.
2. Ẹ wo ibi tí irin ti pàdé ọrùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jó o pọ̀, ibẹ̀ náà ló ń kán.
3. Ẹ wo etí rẹ̀. Bí igun rẹ̀ bá mú, ẹ fi sáńdípépà tí ẹ rẹ sínú omi rà á díẹ̀ nígbà tí ẹ bá délé, kó má baà ya kánfáàsì, ìyẹn aṣọ ìkunwòrán tí wọ́n nà sórí férémù.

Ẹ mú ọ̀kan tó rí bí orí ọ̀kọ̀, tó ní ẹnu ṣóńṣó, fún òrùlé àti ìlà. Ẹ mú èkejì tó rí bí ewé, tí ẹnu rẹ̀ ṣe róbótó, fún igi àti ojú ọ̀run. Ó tó.

Ẹ má fi ọ̀bẹ oníke bẹ̀rẹ̀. Kì í tẹ̀ dáadáa, kì í sì í pẹ́ kán. Bí owó kò bá tíì sí, káàdì ATM tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tí ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ẹnu rẹ̀ sí bí ẹ ṣe fẹ́, sàn jù ú lọ fíìfíì. Fún pákó ńlá, irin pẹlẹbẹ tí àwọn tó ń ṣe POP fi ń tẹ́ ògiri yóò kun ojú ọ̀run láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

## Ọ̀dà olóróró tàbí ákírílíìkì?

Ọ̀dà olóróró kì í yára gbẹ. Bí ẹ bá ṣì í, ẹ lè ha á kúrò lọ́la kí ẹ tún un ṣe. Ákírílíìkì, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò dípò òróró, ń gbẹ bí omi inú rẹ̀ bá ti fà lọ, nínú ooru tiwa sì rèé, ó lè ti fi awọ bo ojú lórí táìlì kí ẹ tó po àwọ̀ kejì tán. Awọ yẹn á já wẹ́wẹ́, á wọ inú àwòrán bí ìyàngbò. Ẹni tó bá ní yàrá tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, mo máa ń ní kó fi olóróró kọ́ṣẹ́. Ẹni tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọdé, kó lo ákírílíìkì, kó máa po ìwọ̀nba tó lè lò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì máa fi omi díẹ̀ wọ́n ojú táìlì lóòrèkóòrè.

Èyí tí ẹ bá mú nínú méjèèjì, ìki rẹ̀ ni kókó. Ẹ rántí òrí láàárọ̀ ọyẹ́, bó ṣe máa ń le bí òkúta, àti òrí lọ́sàn-án gangan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bó ṣe máa ń yọ́. Àárín méjèèjì ni ọ̀dà yín gbọ́dọ̀ wà. Ẹ fi ọ̀bẹ bù ú, ẹ dorí ọ̀bẹ kodò. Bí ó bá já bọ́, kò ki tó.

- Olóróró tó rọ̀ jù: ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí páálí fún bí ìdajì wákàtí. Páálí á fa òróró tó pọ̀jù mu. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù, torí òróró náà ló ń so ọ̀dà mọ́ra.
- Ákírílíìkì tó rọ̀ jù: ẹ ra èyí tí wọ́n kọ "heavy body" sí, tàbí kí ẹ po "modelling paste" mọ́ ọn.
- Fún ìdánrawò nìkan: ọ̀dà ìkunlé olómi, irú tí wọ́n ń pè ní emulsion, tí ẹ po ẹfun lúbúlúbú mọ́. Ẹ fi kọ́ ọwọ́ yín, ẹ má tà á.

Ẹ kíyè sí i: ọ̀dà olóróró lè wà lórí ákírílíìkì tó ti gbẹ. Ákírílíìkì kò gbọdọ̀ wà lórí olóróró láéláé. Yóò ṣí kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà, bí ẹ bá ń kun olóróró ní ìpele-ìpele, ìpele tó ní òróró jù ló ń wà lókè. Bí ẹ bá yí i padà, ti òkè á gbẹ ṣáájú ti ìsàlẹ̀, á sì sán.

Ọ̀rọ̀ owó wà nínú èyí. Ẹ ṣírò rẹ̀: pákó 40 sẹ̀ǹtímítà sí 50, bí ọ̀dà orí rẹ̀ bá nípọn tó mìlímítà 2, ọ̀dà 400 mìlílítà ló wà níbẹ̀. Túùbù 40 mìlílítà mẹ́wàá nìyẹn lórí àwòrán kan ṣoṣo! Pákó 20 sí 25 tí ẹ tẹ́ ọ̀dà sí ní mìlímítà kan yóò gba 50 mìlílítà péré. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kékeré nìyẹn, ìdí náà nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ mú kí gbogbo ojú àwòrán nípọn bákan náà. Ibi tí ẹ fẹ́ kí ojú èèyàn dúró sí ni kí ẹ ná ọ̀dà sí.

## Ṣíṣe ìpìlẹ̀ pákó

1. Ẹ fi sáńdípépà ra ojú àti etí pákó, kí ẹ fi àkísà tó rin díẹ̀ nu erukuru rẹ̀ kúrò.
2. Ẹ kun gesso sí i lójú, lẹ́yìn àti létí. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn sílẹ̀, pákó á ká.
3. Bó bá gbẹ, ẹ fi sáńdípépà rà á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ kun ìpele kejì ní ìbú bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ ní òró. Ìpele mẹ́ta tó.
4. Ẹ fi omi po ákírílíìkì Burnt Sienna díẹ̀ kó ṣàn, ẹ fi nu gbogbo ojú pákó, kó pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀bẹ máa ń fo àwọn ibì kan, bí ìsàlẹ̀ bá funfun, ihò funfun á kún inú àwòrán yín. Bí ìsàlẹ̀ bá pupa, àwọn ihò yẹn á di ilẹ̀ Ìbàdàn fúnra rẹ̀.
5. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ kúkú fẹ́ lo kánfáàsì, ẹ ki páálí sí ẹ̀yìn rẹ̀ láàárín igi férémù, kó má máa jì lábẹ́ ọ̀bẹ. Ọ̀dà tó nípọn wúwo, kánfáàsì tó bá dẹ̀ yóò rọ̀ sísàlẹ̀ níwájú bí ikùn.

## Ọwọ́ mẹ́fà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ kẹ́ ẹ tó kun ohunkóhun

Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ogún ìgbà lórí páálí tí ẹ ti kùn. Mo mọ̀ pé ó sú èèyàn. Ẹ ṣe é.

1. Títẹ́. Ẹ bu ọ̀dà sí abẹ́ ọ̀bẹ, ẹ gbé etí kan sókè díẹ̀, ẹ fà á síhà etí tó gbé sókè yẹn, bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ọ̀dà á tinrín. Bí ẹ bá dẹ ọwọ́, á nípọn.
2. Etí ọ̀bẹ. Ẹ fi etí ọ̀bẹ nìkan kan ọ̀dà, ẹ fi gbá pákó lóòró. Ìlà tín-ín-rín kan á jáde. Wáyà iná, òpó àti etí òrùlé ni ẹ máa fi ṣe.
3. Títẹ̀ kí ẹ gbé e. Ẹ tẹ ikùn ọ̀bẹ mọ́lẹ̀, ẹ gbé e sókè tààrà láìfà á. Ọ̀dà á yọ ṣóńṣó-ṣóńṣó. Ewé igi nìyẹn.
4. Fífà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ti gbẹ. Ẹ di ọ̀bẹ mú fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ọmọ ọwọ́ lórí, ẹ fà á kọjá. Orí àwọn ibi tó yọ nìkan ni ọ̀dà á lẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni páànù tó ti dípatà ṣe ń rí.
5. Híha. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ la ọ̀dà tútù kọjá kí àwọ̀ ìsàlẹ̀ lè yọ.
6. Àwọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bu àwọ̀ kan sí ọ̀tún ọ̀bẹ, òmíràn sí òsì, láìpò wọ́n. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan. Oòrùn àti òjìji á jáde pa pọ̀ lórí òrùlé kan. Ọwọ́ yìí ló ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, ó sì ń bàjẹ́ pátápátá bí ẹ bá fà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí ọwọ́ wọ̀nyí lè gbé èèyàn dé, kó wá iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ablade Glover wò, ará Ghana tí wọ́n bí ní 1934, tó dá Artists Alliance Gallery sílẹ̀ ní Accra. Ọ̀bẹ ló fi ń kun ọjà àti gáréèjì. Ẹ sún mọ́ ọn, ọ̀dà lásán lẹ máa rí, tó lé lórí ara wọn. Ẹ rìn sẹ́yìn, ọjà á kún fún èrò. Ẹ wo iye ìgbà tí ọ̀bẹ kàn ibi tó dúró fún obìnrin kan: orí lẹ́ẹ̀kan, aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

## Òrùlé Ìbàdàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

1. Ẹ ya fọ́tò láàárọ̀ tàbí ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sán gangan, gbogbo òrùlé á mọ́lẹ̀ bákan náà, ẹ kò ní rí òjìji kankan dì mú.
2. Ẹ dín ojú yín kù. Ohun tó bá ṣì hàn nígbà tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ojú tán ni kí ẹ kùn. Ìyókù, ẹ gbàgbé rẹ̀.
3. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilé, kó wà lókè dáadáa. Òrùlé ńlá méjì tàbí mẹ́ta níwájú. Òpópónà kan tó gba àárín kọjá. Kò sí fèrèsé.
4. Ẹ po gbogbo àwọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan pákó. Òkìtì mẹ́fà ni:
   - Òjìji: Burnt Sienna àti Ultramarine, ìdọ́gba. Yóò dúdú ju dúdú inú túùbù lọ lójú, torí ó ní ẹ̀mí nínú.
   - Páànù ògbólógbòó lábẹ́ òjìji: Burnt Sienna pẹ̀lú Ultramarine díẹ̀.
   - Páànù ògbólógbòó nínú oòrùn: Burnt Sienna, Yellow Ochre, Cadmium Red tó ìwọ̀n èékánná.
   - Páànù tuntun: funfun, Ultramarine kín-ún, Burnt Sienna kín-ún. Kó dà bí eérú tí oòrùn ń tàn sí.
   - Igi: Ultramarine àti Yellow Ochre.
   - Ojú ọ̀run: funfun púpọ̀, Ultramarine díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ fi Yellow Ochre kàn án, kó rí bí ògì.

   Ẹ má pò wọ́n kúnná bí àmàlà tí kò ní kókó. Ẹ dúró nígbà tí ẹ bá ṣì ń rí ìlà àwọ̀ méjèèjì nínú òkìtì kan. Àwọn ìlà yẹn ló ń mú kí òrùlé wà láàyè.
5. Ojú ọ̀run kọ́kọ́. Ẹ tẹ́ ẹ, kó tinrín. Bó bá nípọn, yóò máa bá òrùlé du ojú òǹwòran.
6. Òrùlé ọ̀nà jíjìn. Ẹ po àwọ̀ ojú ọ̀run díẹ̀ mọ́ àwọ̀ páànù kó lè rẹ̀ sílẹ̀. Ègé kéékèèké, tín-ín-rín, gbogbo wọn ní ìbú.
7. Òjìji àárín ilé. Ẹ tẹ́ àwọ̀ òjìji sí gbogbo ìdajì ìsàlẹ̀, kí ẹ ha á títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Orí rẹ̀ ni òrùlé máa jókòó sí. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó nípọn, yóò dàpọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e, ẹrẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ní sùúrù, kó dúró títí tí ìpele yìí yóò fi gbẹ.
8. Òrùlé àárín. Ẹ bu àwọ̀ tuntun, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ nu ọ̀bẹ. Lórí òrùlé kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe lẹ́yìn òrùlé mẹ́ta.
9. Òrùlé iwájú. Ibí ni kí ẹ ná ọ̀dà. Ẹ fà á láti téńté òrùlé wá sí etí rẹ̀, bí òjò ṣe ń ṣàn lórí páànù. Níbi tí ẹ bá ti gbé ọ̀bẹ kúrò, ọ̀dà á kó jọ, á yọ sókè. Ẹ má tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Etí òrùlé nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ yàrá fúnra rẹ̀ ni yóò máa ju òjìji sí abẹ́ rẹ̀.
10. Ìlà páànù. Ẹ fi etí ọ̀bẹ fa méjì tàbí mẹ́ta lórí òrùlé kan ṣoṣo. Ojú òǹwòran á fi ìyókù sí i.
11. Igi. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e. Kó wà láàárín ilé, kó má pọ̀.
12. Páànù tuntun gbẹ̀yìn. Ọ̀kan tàbí méjì péré, kó nípọn ju gbogbo ohun tó kù lọ. Ọ̀bẹ tó mọ́ tónítóní ni kí ẹ fi ṣe é.
13. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ rìn sẹ́yìn tó mítà mẹ́ta. Ẹ jáde, ẹ mu omi. Bí ẹ bá padà dé tí kò sí ohun tó ń dùn yín gan-an níbẹ̀, ó ti parí.

## Bí àwọ̀ bá ti di ẹrẹ̀

Ẹ má fi àwọ̀ tuntun bò ó. Ẹ fi ọ̀bẹ gbọọrọ ha ibẹ̀ kúrò títí dé ìpìlẹ̀, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ tún un kùn. Ọ̀bẹ ló jẹ́ kí èyí rọrùn; ẹni tó ń lo búrọ́ọ̀ṣì kò ní àǹfààní yẹn.

Kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ wá ìdí:

- Ẹ kò nu ọ̀bẹ. Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ so àkísà mọ́ ọwọ́ òsì yín bí ẹ bá ń gbàgbé.
- Ẹ padà sórí ọ̀dà tútù. Ìgbà kejì ń dàrú, ìgbà kẹta ń ba á jẹ́.
- Àwọ̀ tó wà nínú òkìtì ti pọ̀ jù. Pupa, aró àti àwọ̀ gàrí pọ̀ nínú òkìtì kan, eérú ló ń dà.
- Ọ̀dà kéré lórí ọ̀bẹ. Ẹni tó ń ṣahun ọ̀dà á máa tẹ ọ̀bẹ kó lè tó, ọ̀bẹ náà á sì wú ti ìsàlẹ̀ dìde.
- Ìsàlẹ̀ nípọn ju òkè lọ. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ keje.

Bí ẹrẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ eérú tó dára, ẹ má dà á nù. Ẹ kó o jọ sínú ike oníderí. Àwọn òjìji mi tó dùn ún wò jù lọ, inú ike yẹn ni wọ́n ti wá.

## Gbígbẹ àti fáníìṣì

Ọ̀dà olóróró kì í gbẹ bí aṣọ orí okùn. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú òróró rẹ̀ tó ń sọ ọ́ di líle, láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà ojú rẹ̀ lè gbẹ kí inú rẹ̀ sì tutù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Titanium White ń pẹ́ gbẹ, àwọn àwọ̀ ilẹ̀ ń yára díẹ̀. Ẹ dúró fún oṣù 6 ó kéré tán kí ẹ tó fi fáníìṣì pa á. Èyí tó bá nípọn gan-an, ẹ jẹ́ kó pé ọdún kan. Ákírílíìkì tó nípọn, ẹ fún un ní bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má gbé e sínú oòrùn kó lè yá. Ẹ má fi í pamọ́ sínú òkùnkùn bíi kọ́bọ́ọ̀dù náà, òróró á sọ funfun rẹ̀ di àwọ̀ eyín arúgbó. Lákòókò ọyẹ́, ẹ dojú àwòrán kọ ògiri kí ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín, kí erukuru má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Manchester, ní ìgbà òtútù yóò pẹ́ gbẹ ju tiwa lọ. Ẹ fi í sí yàrá tí ẹ ń jókòó sí, kó jìnnà sí ẹ̀rọ amúlégbóná.

## Ohun tó lè pa yín lára

- Àkísà olóróró lè gbiná fúnra rẹ̀. Òróró linseed, tó wà nínú ọ̀dà olóróró, ń mú ooru jáde bó ṣe ń gbẹ. Bí ẹ bá ká àkísà pọ̀ sínú garawa, ooru yẹn kò ní ibi tó máa gbà jáde. Ẹ tẹ́ ẹ síta lọ́kọ̀ọ̀kan kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo onírin. Ẹ má fi èyí ṣeré rárá.
- Cadmium jẹ́ májèlé. Ẹ má jẹun nídìí iṣẹ́, ẹ má fi sáńdípépà ra ọ̀dà rẹ̀ tó ti gbẹ.
- Ẹ má fi pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì fọwọ́. Ẹ fi òróró ẹ̀pà pa ọwọ́, ẹ nù ún, kí ẹ wá fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Ó ń mọ́ tónítóní.
- Ọ̀bẹ ń mú sí i. Híha táìlì lójoojúmọ́ ń pọ́n etí rẹ̀. Èyí tí ẹ ti lò fún ọdún mélòó kan lè gé yín bí abẹ.

Ọ̀bẹ kò nílò tọ́pẹ́ńtáìnì. Àkísà gbígbẹ tó. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ nù ún, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ kó má dípatà. Ákírílíìkì tó gbẹ sórí táìlì, ẹ bu omi sí i, ẹ ha á. Kò gbọdọ̀ gba ojú síǹkì lọ, yóò dí páìpù.

## Iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́

Àwọn kan ń bèèrè bí ọjọ́ mi ṣe ń rí. Láàárọ̀, kí oòrùn tó le, mo ń po ọ̀dà, pípo náà sì ń gbà tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo àkókò mi. Mi ò kì í kun àwòrán kan títí á fi parí. Mẹ́ta ló máa ń wà nílẹ̀: ọ̀kan tó ń gbẹ, ọ̀kan tí mo ń kùn, ọ̀kan tí mo ń tẹjú mọ́. Ọrùn ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń dun àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n ń fi ọwọ́ nìkan fà á. Ẹ dìde dúró, ẹ fà á láti èjìká.

Sí ẹ̀yìn pákó kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọjọ́ tí mo parí rẹ̀ àti irú ọ̀dà tí mo lò, kí n lè mọ ìgbà fáníìṣì. Mo sì ń wọn túùbù lórí ìwọ̀n ilé ìdáná kí n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí mo bá parí. Ohun tó dín kù ni iye ọ̀dà tó wà lórí àwòrán yẹn. Àwọn tó ń dá iye lé àwòrán ọlọ́bẹ nípa fífẹ̀ rẹ̀ nìkan ń fi owó ọ̀dà tọrẹ láìmọ̀.

## Gbígbé e lọ fún ẹni tó rà á

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé àwòrán méjì láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, mo kọjú wọn síra, mo fi ìwé ìròyìn sáàárín. Mo rò pé wọ́n ti gbẹ. Oṣù mẹ́ta ni mo ti kùn wọ́n. Ooru inú ọkọ̀ mú wọn lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí mo tú wọn, òrùlé ọ̀kan ti bá ìwé ìròyìn lọ. Mo dá owó oníbàárà padà, mo sì gbé méjèèjì wálé.

Ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà yẹn:

1. Mo ń fi èékánná tẹ ibi tó nípọn jù létí. Bí ó bá ṣì rọ̀, kò ní kúrò nílé.
2. Mo ń lẹ ègé igi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí igi náà ga ju ọ̀dà tó yọ jù lọ.
3. Mo ń gbé páálí líle lé orí igi náà. Kò sí ọ̀rá, kò sí ìwé, kò sí aṣọ tó gbọdọ̀ kan ojú ọ̀dà.
4. Mo ń fi téèpù dì í yíká, mo ń kọ "Ojú rèé" sí iwájú, kí ẹni tó ń gbé e má baà to ẹrù lé e.
5. Mo ń sọ fún ẹni tó rà á pé búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kó máa fi gbọn erukuru rẹ̀. Àkísà tútù á há sára ọ̀dà tó yọ ṣóńṣó.